Káàdì Àjọ Màámi ni Mo Fi Mọ Mean, Median àti Mode

Alájọ ni màámi. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á gba Arákalẹ̀, wọ́n á máa yà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí oòrùn á fi mú. Oníkálukú ló ń dá iye tí apá rẹ̀ ká. Ẹlòmíràn ń dá ₦200 lójúmọ́, ẹlòmíràn ₦1,000. Màámi á gba owó, wọ́n á sàmì sí ojú ọjọ́ náà lórí káàdì, ó di ọ̀la. Tí oṣù bá parí, wọ́n á kó owó oníkálukú lé e lọ́wọ́, wọ́n á yọ owó ọjọ́ kan péré. Ìyẹn ni owó iṣẹ́ alájọ. Ẹni tó ń dá ₦200, ₦200 ni màámi máa rí lórí rẹ̀ lóṣù, bó ti wù kí ìsọ̀ rẹ̀ jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ètò yìí, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọjọ́ kan yẹn sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Ọdún tí mo wọlé láti kọ́ iṣẹ́ àkáǹtì ní iléèwé gíga kan nítòsí wa ni mo kọ́kọ́ ṣe statistics, ẹ̀ka ìṣirò tó ń yẹ àkójọ nọ́ńbà wò. Mean, median àti mode ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó le níbẹ̀: ro gbogbo nọ́ńbà pọ̀, fi iye tí wọ́n jẹ́ pín in, mean nìyẹn, tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, mú ti àárín, median nìyẹn, èyí tó bá jáde lọ́pọ̀ ìgbà ju àwọn yòókù lọ, mode. Olùkọ́ á kọ nọ́ńbà bíi mẹ́wàá sójú pátákó, a ó ṣe é, a ó gba máàkì. Mo gba máàkì dáadáa. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nọ́ńbà ojú pátákó wọ̀nyẹn kò ní olówó. 4, 7, 7, 9, 12. Méje kí ni? Ti ta ni? Tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì yàtọ̀ síra, èwo ni kí èèyàn dì mú? Wọn kì í béèrè ìyẹn nínú ìdánwò, torí náà kò sẹ́ni tó dá a lé.

Ìgbà tí iléèwé gba ìsinmi, tí mo ń bá màámi rìn, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo mú káàdì oníbàárà mọ́kànlá tó wà ní ọ̀nà Arákalẹ̀, mo ní kí n fi dánra wò. Iye owó tí mo kọ síbí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni gan-an o. Mo ti yí wọn padà, torí àṣírí oníbàárà kì í gbẹ́nu alájọ jáde, ọmọ alájọ náà ò gbọ́dọ̀ tú u. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí nìyí:

₦200, ₦200, ₦200, ₦200, ₦500, ₦500, ₦700, ₦1,000, ₦1,000, ₦2,000, ₦10,000.

Ìyá kan tó ń ta àǹkárá àti léèsì ló ni ₦10,000 yẹn.

Kì í ṣe pé wọ́n tò báyìí nígbà tí mo gbà wọ́n. Bí ìsọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn ni káàdì ṣe tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ́ màámi: elépo, aláṣọ, ẹlẹ́ja, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo tò wọ́n bí owó wọn ṣe ń ga sí i. Mo wá ń yọ wọ́n láti eteetí méjèèjì. Ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ìyá aláṣọ ló kọ́kọ́ jáde, òun pẹ̀lú eléwédú tó ń dá ₦200, àwọn méjèèjì pa pọ̀, láìsí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún owó ẹnì kankan. Nígbà tó yá, ó ku káàdì kan ṣoṣo lórí ẹní, ti bàbá tó ń tún aago ṣe. ₦500.

Màámi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró tì mí.

"Kí lo ń fi káàdì mi ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Mo ń wá ẹni tó wà láàárín ni, mà."

"Àárín ti ìsọ̀ ni, àbí àárín ti owó?"

"Ti owó, mà."

"Ìsọ̀ onígaàrí ló wà láàárín o. Tó o bá ṣetán, kó o tò wọ́n padà bó o ṣe bá wọn."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ lẹ́sìnnì báyìí, ohun tí màámi béèrè yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fò. Wọ́n á rí nọ́ńbà mọ́kànlá lójú ìwé, wọ́n á kà wọ́n dé orí ìkẹfà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Àárín ìsọ̀ ni wọ́n mú. Onígaàrí ọjọ́ yẹn ń dá ₦1,000, owó tirẹ̀ kì í ṣe ti àárín rárá. Èyí ni mo ṣe máa ń ní kí wọ́n gé bébà wẹ́wẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ tò ó. Káńkúlétọ̀ ò lè bá wọn ṣe apá ibẹ̀ yẹn, inú mi sì dùn pé kò lè bá wọn ṣe é.

Ó wá kan mean. Mo ro gbogbo owó náà, ó jẹ́ ₦16,500. Mo fi 11 pín in, ó jẹ́ ₦1,500 géérégé. Mo sọ fún màámi pé, ká ṣírò rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,500 ni àwọn oníbàárà wọn ní Arákalẹ̀ ń dá lójúmọ́.

"Ta ni?"

"Gbogbo wọn, mà, tí a bá dà á pọ̀."

"Mo ní ta ni. Ta ló ń dá ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ fún mi nínú wọn?"

Kò sí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan. Ẹni mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ni kò dé ibẹ̀, àwọn méjì tó kù sì ré e kọjá. Tí èèyàn bá gbọ́ ₦1,500 yẹn láìrí káàdì, á rò pé ọ̀nà Arákalẹ̀ rí já jẹ. Owó aláṣọ kan ló gbé e ga bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń dáwọ́ dúró nìyí: wọ́n á ní, ṣé ẹ rí i, mean kò dáa tí nọ́ńbà ńlá kan bá wà níbẹ̀, ẹ máa lo median. Mi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹ jẹ́ ká padà sí owó ọjọ́ kan tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Èló ni màámi máa rí lóṣù lórí ọ̀nà yẹn? ₦16,500, torí owó ọjọ́ kan ni wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mean lọ̀ ọ́: ₦1,500 lọ́nà 11, ó jẹ́ ₦16,500, ó bára mu. Ẹ fi median lọ̀ ọ́: ₦500 lọ́nà 11, ₦5,500. Ẹ fi mode lọ̀ ọ́: ₦200 lọ́nà 11, ₦2,200, ebi á pa wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó máa wọlé lápapọ̀, mean nìkan ló lè dá owó náà padà fún un, torí inú àpapọ̀ ló ti wá. Pé kò jọ ẹnì kankan kò kàn án.

Mode ńkọ́? ₦200 ni, ẹni mẹ́rin ló ń dá a. Ní iléèwé, òun ni a máa ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú jù, torí kò ní ìṣirò nínú. Ní ọjà, òun ni màámi ń lò jù láì pè é lórúkọ. Kí wọ́n tó jáde nílé láràárọ̀, wọ́n á ti wá ṣénjì, torí ẹni tó ń dá ₦200 máa na ₦500 tàbí ₦1,000 sí wọn, ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Àìsí ṣénjì ni àwáwí oníbàárà: "Ẹ padà wá lọ́la, mà." Ẹni tó bá lo ₦1,500 láti fi mọ irú ṣénjì tó máa kó dání, á dé ìsọ̀ àkọ́kọ́ kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ò ṣeé ṣe.

Mode tún ní ohun kan tí àwọn méjì yòókù kò ní: ó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà, tí kò sì ṣeé tò láti kékeré dé ńlá. Tí mo bá kọ irú ọjà tí oníbàárà ń tà sílẹ̀, ata, epo, ẹja, aṣọ, mo lè sọ èyí tó pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè ro ata mọ́ ẹja kó pín in.

Median ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà sì dé kíákíá. Ọ̀rẹ́ màámi kan, alájọ bíi tiwọn, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má gba owó kéékèèké mọ́, pé kí wọ́n fi ìdajì owó tí àwọn oníbàárà ń dá ṣe ìpìlẹ̀, ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀ kó wá alájọ mìíràn. Mean ni wọ́n ń pè ní owó tí àwọn oníbàárà ń dá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦750. Mo bá wọn ka káàdì: ẹni méje nínú mọ́kànlá ni ₦750 yẹn máa lé lọ, títí kan bàbá alágogo tó wà láàárín gan-an. Òfin tó lé ẹni àárín dànù kì í ṣe òfin fún àwọn oníbàárà wọ̀nyí, òfin fún àwọn oníbàárà mìíràn ni.

Kí a má parọ́, ìmọ̀ràn náà ní ohun tó gbè é lẹ́sẹ̀. Gbogbo owó àwọn méje yẹn kò ju ₦2,500 lọ nínú ₦16,500. Tí èèyàn bá fojú owó nìkan wò ó, ẹsẹ̀ màámi á sinmi, owó tó sì máa lọ kò tó nǹkan. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Màámi ló kọ̀. Wọ́n ní ìyá aláṣọ lè ṣí ìsọ̀ lọ nígbàkigbà, eléwédú kò ní lọ síbì kankan.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìyá aláṣọ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Lọ́jọ́ tó lọ, àpapọ̀ di ₦6,500, mean já láti ₦1,500 sí ₦650. Mode dúró sí ₦200. Median? Oníbàárà ti di mẹ́wàá báyìí, nọ́ńbà tí ó ṣeé pín sí méjì, kò sí káàdì kan ṣoṣo tó máa kù lórí ẹní mọ́, méjì ló máa kù. A ó rò wọ́n pọ̀, a ó fi 2 pín in. ₦500 àti ₦500, ó ṣì jẹ́ ₦500. Ká ní wọ́n ti lé àwọn méje yẹn tẹ́lẹ̀ ni, ₦4,000 lásán ni ì bá kù nínú gbogbo ọ̀nà Arákalẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ median tí mo bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti ń kórè kòkó jù ní Nàìjíríà. Láti bí oṣù kẹwàá lọ, tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ń ta kòkó, owó náà máa ń dé ọjà. Mean lè fò sókè lọ́jọ́ kan torí pé ẹnì kan rí owó ńlá gbà. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún mi nípa àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n tí median bá kúrò ní ₦500 tó di ₦700, a jẹ́ pé bàbá alágogo àti àwọn tó yí i ká ti fi kún tiwọn. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé owó ti kárí.

Ohun kan wà tí mi ò rí nínú ìwé wa títí a fi parí ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Màámi ní ọ̀nà kejì, lápá ọjà NEPA, oníbàárà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àwọn tó ń tajà lórí àtẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní mean tiwọn jẹ́ ₦300. Ti Arákalẹ̀, kí ìyá aláṣọ tó lọ, jẹ́ ₦1,500. Èló ni mean ọ̀nà méjèèjì? Tí mo bá bi kíláàsì, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni ₦900: 1,500 àti 300, ó jẹ́ 1,800, pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó. Arákalẹ̀ mú ₦16,500 wá, NEPA mú 33 lọ́nà ₦300 wá, ìyẹn ₦9,900. Àpapọ̀ jẹ́ ₦26,400, ẹni mẹ́rìnlélógójì. ₦600 ló bọ́ sí. Ẹni mọ́kànlá kò lè ní agbára kan náà pẹ̀lú ẹni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ìṣirò, kódà kí wọ́n lówó ju wọ́n lọ. Ẹ tún lè fi èyí wo máàkì kíláàsì A àti kíláàsì B tí wọ́n máa ń dà pọ̀ ní iléèwé.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé mo ti di ọmọ ẹ̀yìn median, ìtàn kan wà tí mo kà lẹ́yìn náà tó mú mi rọra. Ní 1906, níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn kan ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí èrò méfò bí màlúù kan ṣe máa wúwo tó tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì kun ún tán. Ọ̀mọ̀wé Francis Galton gba àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó rí 787 tó ṣeé kà, ó tò wọ́n, ó sì mú ti àárín: 1,207 pọ́n-ùn. Màlúù náà wọn 1,198. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1907. Median ló yàn, torí ó ní bí ìbò ló yẹ kó rí, ohùn kan fún ẹnì kan, kí asọ̀rọ̀-bí-ẹni-tó-mutí kan má baà fa gbogbo èrò lọ. Nígbà tí wọ́n wá bi í léèrè mean, ó jẹ́ 1,197. Mean ló súnmọ́ jù! Àwọn tó méfò ju bó ṣe yẹ lọ àti àwọn tó méfò tí kò tó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ tán. Kò sí ìyá aláṣọ láàárín wọn. Ní Arákalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo fífà wà: kò sẹ́ni tó lè dá owó tó dín sí odo láti fi fa ₦10,000 padà.

Apá tí mo korò ojú sí jù ni ti nọ́ńbà tí wọ́n ti pín sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, 1 sí 500, 501 sí 1,000, tí ìdánwò fẹ́ràn gan-an. Wọ́n ní ká mú àárín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ká fi iye èèyàn inú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, bí ẹni pé àwọn èèyàn fọ́n ká inú ẹgbẹ́ náà dọ́gba. Mo dán an wò lórí káàdì. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ẹni mẹ́fà, àárín rẹ̀ jẹ́ 250.5, ó fún wa ní ₦1,503. Owó wọn gan-an jẹ́ ₦1,800. Ẹgbẹ́ kejì ní ẹni mẹ́ta, àárín rẹ̀ jẹ́ 750.5, ó fún wa ní ₦2,251.50, bẹ́ẹ̀ ₦2,700 ni wọ́n ń dá. Kò sẹ́ni tó ń dá ₦347 lójúmọ́. Orí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 ni owó àjọ máa ń kó jọ sí, ìpẹ̀kun ẹgbẹ́ gan-an sì ni ₦500 àti ₦1,000 jókòó sí. Ẹ kọ́ fọ́múlà náà fún ìdánwò, kò burú. Tí káàdì gan-an bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 lẹ́sìnnì ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn àṣìṣe wọn kì í yàtọ̀. Tí mo bá bi wọ́n ní mode, wọ́n á dáhùn pé "mẹ́rin", iye èèyàn tó ń dá ₦200, dípò ₦200 fúnra rẹ̀. Ìyẹn máa ń tètè tán tí wọ́n bá ti ní káàdì lọ́wọ́. Èyí tí kì í tètè tán ni ti ẹni tí kò dá nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀, ojú ọjọ́ náà máa ṣófo lórí káàdì ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Ṣé odo ni ká pè é, ká sì tún fi 11 pín, àbí ká yọ wọ́n kúrò, ká fi àwọn tó kù pín? Ìdáhùn méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an, ìwé ò sì sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń jiyàn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ariwo wọn pọ̀, màámi tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí bá dá sí i.

Wọ́n ní ẹni tó wà ní ìsọ̀ tí kò dá, odo ni, ẹ kà á mọ́ wọn. Ẹni tó lọ síbi ìkómọ kò wá sọ́jà rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọmọkùnrin kan gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ̀yin mà, ẹni tó rí yín lọ́ọ̀ọ́kán tó wá sá sẹ́yìn ìsọ̀ ńkọ́?"

"Odo ni," ni màámi wí. "Mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀."